Òkúta Tí Wọ́n Ní Kò Lè Yé Wa

Gbólóhùn kan wà tí mo kà lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo ń fọ abọ́, á yọjú. Mo jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, á tún yọjú. Sir Gordon Guggisberg, gómìnà Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, ló sọ ọ́ ní 1923, nígbà tí wọ́n ń jíròrò ohun tí wọn yóò ṣe sí ojú oórì àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó ní ọmọ ilẹ̀ Gold Coast lásán kò ní mọ ohun tí òkúta orí sàréè wà fún, kò sì ní mọyì rẹ̀.

Èébú tó ju bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ nínú ìwé àwọn amúnisìn, n kò sì ní jókòó máa kà wọ́n síra. Èyí yàtọ̀ nítorí pé wọ́n fi ṣiṣẹ́. Ó di ìpinnu, ìpinnu di ilẹ̀ tí igbó bò, ó di ère gàgàrà tí kò ní orúkọ ẹnì kankan lára. Nígbà tí àjọ tó ń tọ́jú sàréè ogun, Commonwealth War Graves Commission, gbé ìwádìí lórí ara rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ohun tí wọ́n rí ni pé ó kéré tán 116,000 ènìyàn, ó sì ṣeé ṣe kó tó 350,000, ni kò ní orúkọ lára ohunkóhun, tàbí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe ìrántí wọn rárá. Ọmọ Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú wọn. Àjọ náà tọrọ àforíjì. Ben Wallace, tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tọrọ tirẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìròyìn náà gbòde fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì wọlé lọ.

Èmi ni kò wọlé lọ fún. Ẹni tí wọ́n bá ní ohun kan kò lè yé, ó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ni nǹkan ọ̀hún gan-an.

Ìlérí tó ní ibi tó parí sí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin àjọ náà, nítorí ó yẹ. Ọdún 1917 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́. Fabian Ware, olùdásílẹ̀ rẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹnu kò pé ikú ti sọ gbogbo wọn di ọgbọọgba. Olówó kò ní rí àyè gbé òkú ọmọ tirẹ̀ wálé kí ti tálákà sùn sí oko olóko. Òkúta ọ̀gágun kò ní ga ju ti ọmọ ogun tí kò ní ipò kankan lọ. Wọn kò ní wo ẹ̀sìn, wọn kò ní wo ẹ̀yà. Ẹni tí wọn kò bá sì rí òkú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ á wà lára ògiri níbi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè wá kà á. Ní Ypres ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù, ẹnubodè ńlá kan wà tí wọ́n ṣí ní 1927, Menin Gate. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ lé ní 54,000. Ti Thiepval ní ilẹ̀ Faransé lé ní 72,000. Èrò tó dára ni, mi ò rí ohun tí mo lè fi takò ó.

Ìlérí náà kàn ní ibi tó parí sí ni. Ìlà Oòrùn Áfíríkà wà lára ibi tó parí sí.

Ogun tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì jà níbẹ̀, orí ni wọ́n fi rù ú. Ojú ọ̀nà mọ́tò kò sí, eṣinṣin tsetse ń pa ẹṣin àti ìbaaka, nítorí náà ènìyàn ló ru ọta ìbọn, ìyẹ̀fun, àgọ́, àti àwọn tó fara gbọgbẹ́. Aláàárù tí wọ́n kó jọ níhà Gẹ̀ẹ́sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Iye wọn tí a gbà pé ó kú tó 95,000, ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ló sì pa èyí tó pọ̀ jù, kì í ṣe ìbọn. Àwọn tiwa náà débẹ̀. Ọmọ ogun Nàìjíríà gúnlẹ̀ sí Dar es Salaam ní oṣù kejìlá 1916, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n wọ ìjà Mahiwa, níbi tí ikú ti jẹ àjẹyó lára wọn fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko.

Kí ni wọ́n ṣe fún àwọn aláàárù wọ̀nyí? Ní Nairobi, ère idẹ mẹ́ta dúró lẹ́bàá títì, aláàárù kan wà lára wọn. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, Swahili àti Lárúbáwá. Ó pe àwọn aláàárù ní ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ó wá fi èyí kádìí rẹ̀: bí ẹ bá jà fún ilẹ̀ yín, bí ẹ tilẹ̀ kú, àwọn ọmọ yín yóò rántí orúkọ yín.

Kò sí orúkọ kan lára ère náà.

Rudyard Kipling, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó kọ ọ́ gan-an ni kò jẹ́ kí n lè kàn ṣẹ́nu síi kí n máa bá tèmi lọ. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Kipling bí, John, sọnù sójú ogun ní Loos, nílẹ̀ Faransé, ní 1915. Bàbá náà wá òkú rẹ̀ títí tí òun náà fi kú ní 1936, kò rí i. Ó bá àjọ sàréè ogun ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló bá wọn wá àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń rí ní ìtẹ́ òkú ogun káàkiri ayé. Ó mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn máa wá ọmọ. Ṣùgbọ́n orúkọ John wà lára ògiri ní Loos, bàbá rẹ̀ lè lọ síbẹ̀ kó fi ọwọ́ kàn án. Èwo ni àwọn ọmọ aláàárù yóò fi ọwọ́ kàn ní Nairobi? Ère idẹ?

Bí mo ṣe rí i ni pé ère tí kò ní orúkọ, ẹni tó gbé e kalẹ̀ ló ń yìn. Ó ń sọ fún ẹni tó ń kọjá pé ìjọba kan wà tó mọ oore. Ẹni tó kú kò rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀. Àwọn ará Èkó àtijọ́ mọ ère Ṣọ́jà Ìdúmọ̀tà dáadáa, wọ́n fi ń júwe ọ̀nà, wọ́n ń ṣàdéhùn láti pàdé lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ta ni ṣọ́jà náà. Ṣọ́jà ni. Nígbà tí wọ́n sì gbé e kúrò, ojú ọ̀nà ni wọ́n pàdánù.

Ọkùnrin tó sùn sí Bexhill

Mo padà sọ́dọ̀ Guggisberg nítorí pé mo fẹ́ kórìíra rẹ̀ dáadáa, kò sì jẹ́ kó rọrùn fún mi.

Galt ní Ontario, nílẹ̀ Kánádà, ni wọ́n ti bí i. Awọnlẹ̀ ni, kí ogun 1914 tó bẹ́ sílẹ̀, òun ni olórí àwọn awọnlẹ̀ ní Gúúsù Nàìjíríà, nítorí náà ó mọ igbó wa, ó mọ odò wa. Ó jagun ní ilẹ̀ Faransé, ó rí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń kú. Nígbà tó di gómìnà Gold Coast ní 1919, iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ kò kéré: èbúté Takoradi, ilé ẹ̀kọ́ Achimota, ilé ìwòsàn Korle Bu. Ère rẹ̀ wà ní Korle Bu títí dòní, àwọn ará Gánà tó ti gbòmìnira ló gbé e síbẹ̀. Ẹ sì wo ọdún tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn yẹn: 1923. Ọdún kan náà tó sọ̀rọ̀ òkúta.

Kì í ṣe ìkórìíra, nígbà náà. Ìyẹn gan-an ló burú nínú rẹ̀. Ẹni tó kórìíra rẹ lè fi òkúta dù ọ́ kí ó lè dùn ọ́. Ọkùnrin yìí gbà pé ọmọ adúláwọ̀ ń ṣàìsàn bí ènìyàn, ó kọ́ ilé ìwòsàn fún un. Ó gbà pé orí rẹ̀ pé, ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún un. Ìgbà tó dé orí ọ̀fọ̀ ló rò pé ọ̀fọ̀ tirẹ̀ kò jinlẹ̀ tó èyí tí à ń fi òkúta ṣe. Ìrántí kan ṣoṣo fún gbogbo wọn ti tó.

Ẹni tó ń ṣojú àjọ náà, Arthur Browne, kò gbà fún un. Inú mi kọ́kọ́ dùn nígbà tí mo rí i pé ẹnì kan takò ó, títí tí mo fi ka ohun tó sọ. Browne ní bóyá ní igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sí i, nígbà tí ọ̀làjú àwọn ọmọ ilẹ̀ bá ti gòkè sí i, inú wọn lè wá dùn láti rí i pé wọ́n fi òkúta sórí sàréè àwọn ènìyàn wọn bíi ti òyìnbó. Agbẹjọ́rò wa nìyẹn o. Ọ̀kan ní kò lè yé wa, èkejì ní yóò yé wa ní 2223. Kò sí èyí tó rò ó pé kí wọ́n pe ìyá kan ní Kúmásí kí wọ́n bi í pé, “Ìyá, kí lẹ fẹ́ kí á ṣe sí ibi tí ọmọ yín sùn sí?”

Guggisberg kúrò ní Gold Coast ní 1927. Wọ́n gbé e lọ sí Guiana ti Gẹ̀ẹ́sì, àìsàn lé e kúrò níbẹ̀. Ó kú ní 1930 ní Bexhill, ìlú kékeré kan létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n sin ín síbẹ̀.

Kò sí òkúta lórí sàréè rẹ̀.

Ìjọba tó sìn kò fi síbẹ̀. Àwọn ọ̀gágun tó bá jagun kò fi síbẹ̀. Ó sùn sí abẹ́ koríko bí ẹni tí kò ní ará, títí ìròyìn fi dé Gold Coast pé ojú oórì Gómìnà kò ní àmì. Àwọn ọba ńláńlá ilẹ̀ náà àti àwọn ará ìlú dá owó jọ, wọ́n fi òkúta sórí rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lónìí. Orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, àti ọdún tó kú, àti ẹni tó gbé òkúta náà kalẹ̀: àwọn ọba àti àwọn ènìyàn Gold Coast àti Ashanti.

Nígbà tí mo ka ibí yìí, mo dìde lórí àga, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ní òkúta sàréè kò lè yé ló fi òkúta bo sàréè rẹ̀. Wọn kò sì dúró di ọ̀ọ́dúnrún ọdún.

Èèyàn lè rẹ́rìn-ín kó ní ẹ̀san ni. Òmíràn lè ní ẹ ò rí i pé onínúure ni wá. Méjèèjì kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé kò sí ẹni tó ní láti kọ́ wọn. Wọ́n gbọ́ pé ẹni tí wọ́n mọ̀, tó ṣe wọ́n lóore, sùn síbi tí kò lórúkọ. Ojú tì wọ́n, wọ́n wá owó. Wọn kò gbé ère kan kalẹ̀ fún gbogbo gómìnà tó ti jẹ rí. Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ.

Àdán àti òòbẹ̀

Èmi kì í ṣe ará Gánà. Ìbéèrè náà wá yí padà sí mi: àwa ńkọ́? Yorùbá tí òyìnbó bá níbí, ṣé òkúta lè yé wọn?

Nílé Yorùbá àtijọ́, a kì í gbé àgbà lọ sin sí ẹ̀yìn odi. Inú ilé ló máa ń sùn sí, nínú yàrá rẹ̀ tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa tẹ́ ẹní lé e lórí. Kò sí ẹni tó nílò àmì níbẹ̀, gbogbo ilé ló mọ ẹni tó wà lábẹ́ ẹní wo. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kú sójú ogun lókèèrè ńkọ́? Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á gbé e wálé, wọ́n á sì ṣe gbogbo ètùtù ìsìnkú sí i lórí bí ẹni pé òkú gan-an ló wà níbẹ̀. Bí a kò bá rí àdán, à máa fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Lọ́dún 1920, ní Whitehall ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ṣí Cenotaph tí Lutyens, ayàwòrán ilé, yàwòrán rẹ̀. Sàréè tí kò sí òkú nínú rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí òkú ọmọ wọn kò padà wálé ló rọ́ lọ síbẹ̀ láti lọ fi òdòdó lélẹ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn kọ nípa rẹ̀ bí ohun àrà. Bí wọ́n bá ti bi jagunjagun Ìbàdàn kan tó dé láti ogun Jálumi, ì bá ti sọ fún wọn pé àwọn ti ń ṣe é tipẹ́, àti pé tàwọn tilẹ̀ ní irun nínú.

Síbẹ̀, n kò ní fi èyí pọ́n wa lé ju bó ṣe yẹ lọ. Oríkì, ìsìnkú nínú ilé, egúngún tó ń bọ̀ lọ́dọọdún, gbogbo rẹ̀ dúró lórí pé èèyàn ní ilé. Tí ilé bá tú, ẹnu tó ń kì í tú. Ta ni àwọn tó ń wọ iṣẹ́ ṣọ́jà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà yẹn? Ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Àtìpó wà níbẹ̀, ọmọ tó bá bàbá rẹ̀ jà wà níbẹ̀. Irú wọn bá kú sí Mahiwa, ẹnu ta ni yóò kì wọ́n? Àwọn gan-an ni orúkọ lára ògiri wúlò fún jù, nítorí ògiri kì í bi èèyàn pé ọmọ ta ni ọ́.

Ohun kan tún wà tí kì í jẹ́ kí ìrántí ogun yìí rọrùn nílẹ̀ wa. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà dé láti Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní 1918, kò pẹ́ tí ìjọba fi yí wọn dojú kọ àwọn Ẹ̀gbá tó dìde nítorí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe. Ogun Adùbí. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ ogun kan wà tó yẹ ká kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri nítorí Mahiwa, tí ó sì yẹ kí ẹbí kan l'Ẹ́gbàá máa gégùn-ún fún nítorí ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ère idẹ kò lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ lè gbà á, nítorí orúkọ kò sọ pé èèyàn dára.

Dodan, Arakan, Letmauk

Ogun Hítílà yàtọ̀ díẹ̀. Ìrántí rẹ̀ wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́, a ò kàn mọ̀ ni. Ẹni tó bá ti gbé Èkó rí mọ Dodan Barracks ní Ìkòyí, ẹ̀rù sì máa ń ba àwọn òbí wa bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ nítorí ibẹ̀ ni àwọn ológun ti ń ṣàkóso. Arakan wà ní Apapa. Letmauk wà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Burma, ìyẹn Myanmar òde òní, ni gbogbo orúkọ yẹn ti wá, ibi tí àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti jà pẹ̀lú àwọn ará Japan láàárín 1943 sí 1945. Àwọn kan lára wọn gba àfonífojì Kaladan tí kò sí ọ̀nà mọ́tò níbẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ń ju oúnjẹ sílẹ̀, àwọn aláàárù ń fi orí gbé ìyókù. Orí, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìtẹ́ òkú Taukkyan kò jìnnà sí Rangoon ní Burma. Wọ́n ṣí ìrántí tó wà níbẹ̀ ní 1958, orúkọ àwọn tí wọn kò rí òkú wọn sì wà lára àwọn òpó rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000. Orúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òyìnbó àti ti ará Íńdíà, bákan náà ni wọ́n gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Láàárín ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Guggisberg, nǹkan ti yí padà. Wọ́n gbẹ́ ẹ sílẹ̀ níbẹ̀ pé wọ́n kú nítorí gbogbo ẹni tó jẹ́ òmìnira. Nàìjíríà ṣì ní ọdún méjì tí yóò dúró kí ó tó wọ inú gbogbo ẹni yẹn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí á ka àwọn orúkọ náà dáadáa. Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ akọ̀wé ológun kò ráyè wo ilé ẹnikẹ́ni. Ó bi ọ́ pé kí lorúkọ rẹ, o ní Òjó. Ó bi ọ́ pé níbo lo ti wá, o ní Ìbàdàn. Ó kọ Ojo Ibadan, ó ké sí ẹni tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni Bello Ilorin, bẹ́ẹ̀ ni àìmọye ẹni tí orúkọ bàbá rẹ̀ di orúkọ ìlú. Ọmọ tó ń wá bàbá rẹ̀ lára òpó yẹn, orúkọ ẹbí ni yóò máa wá, kò sì ní rí i, bẹ́ẹ̀ bàbá náà sì wà níbẹ̀ gedegbe.

Ẹnì kan tí irú ìparẹ́ yìí ì bá dé bá ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun, bàbá rẹ̀ kò fẹ́. Wọ́n fi í sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ní 1944, àwọn ará Japan dá wọn lọ́nà létí odò Kaladan, ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀, àwọn tó kù sá, wọ́n sì rò pé ó ti kú. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ló ṣẹ́kù. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, ó ń bọ́ wọn, bí àwọn ará Japan bá sì mọ̀, gbogbo ilé rẹ̀ ni wọn ì bá pa. Fadoyebo padà wálé. Ó gbé títí di 2012. Òun fúnra rẹ̀ jókòó, ó kọ ìtàn náà sínú ìwé, ìdí nìyẹn tí èmi fi mọ orúkọ rẹ̀, tí mo sì mọ orúkọ Shuyiman, tí kò sí òpó kankan tí yóò wà lára rẹ̀ láéláé nítorí kò wọ iṣẹ́ ológun ẹnikẹ́ni.

Igi tí wọ́n fi kọ orúkọ ní Cape Town

Ní oṣù kìíní 2025, Princess Anne lọ sí Cape Town láti ṣí ìrántí tuntun kan nínú ọgbà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Company's Garden. Ti àwọn adúláwọ̀ ilẹ̀ South Africa tó kú nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni, tí wọn kò gbé ìbọn, àwọn aláàárù àti òṣìṣẹ́. Wọ́n lé ní 1,700. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní òpó igi tirẹ̀ tó dúró nílẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ àti ọjọ́ tó kú.

Ìrókò ni igi náà.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n tọ́ dàgbà ní abúlé Yorùbá mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹni tó ń gbé inú ìrókò, ó mọ ìgbà tí a kì í gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. N kò rò pé àwọn tó yàwòrán rẹ̀ ro tiwa mọ́ ọn. Igi tí ikán kì í tètè jẹ ni wọ́n ń wá. Ohun tó kàn mí jù ni bí wọ́n ṣe rí orúkọ náà: ó wà nínú ìwé láti ọgọ́rùn-ún ọdún wá. Ẹnì kan ló lọ ṣí ìwé.

Èmi wá ń ro àwọn aláàárù tiwa, àwọn tí wọ́n kó lọ sí Kamẹrúùnù láàárín 1914 sí 1916, àti àwọn tó bá àwọn ọmọ ogun lọ sí Ìlà Oòrùn. Àwọn kan á ní kí ìjọba gbé ère kan kalẹ̀ fún wọn ní Abuja. Ẹ má ṣe é. A ti ní ère tó pọ̀ tó. Ní gbogbo ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní, ọjọ́ tí a yàn nítorí pé ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní 1970, mo máa ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n: òdòdó, fèrè, ẹyẹlé tí kò fẹ́ fò. N kò gbọ́ kí wọ́n pe orúkọ ẹnì kan rí. Bí wọ́n bá lè dín fèrè kù ní wákàtí kan kí wọ́n fi ka orúkọ àádọ́ta ènìyàn lọ́dọọdún, ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju idẹ lọ.

Ibi tí ìwé kò bá sí, ẹnu àgbà ló kù, àwọn ọmọ àwọn tó lọ Burma sì ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún sókè. Bí bàbá bàbá yín bá lọ, tí kò sì padà, ìwé orúkọ àjọ sàréè ogun wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má fi orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé wá a nìkan. Ẹ wá orúkọ ìlú yín bí akọ̀wé òyìnbó ṣe máa gbọ́ ọ. Ẹ gbìyànjú Oyo, Ogbomosho, Ilorin, Ijebu, Ondo, kí ẹ sì wo ọdún tó bá àkókò náà mu. Bí ẹ kò bá rí i, àjọ náà ti ní àwọn ṣì ń wá orúkọ tí wọ́n fò, nítorí náà ẹ kọ̀wé sí wọn: orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, ọdún tó lọ, àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún yín.